Èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, iyè tó ń ra: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín wa

Ìgò kan wà ní ọjà Ìsìnkàn, ní Àkúrẹ́ níbí, tí ìyá alágbo kan máa ń gbé síwájú gbogbo ìgò yòókù. Omi inú rẹ̀ pọ́n bí epo tó ti pẹ́ lórí iná, atalẹ̀ àti èèpo igi rọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tó ń wò fún mi. Wọn ò jẹ́ kí n délẹ̀: “Ti èrìgì ni, ti ọpọlọ náà ni, ọmọ mi. Ẹni tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, kó mu ún. Bàbá tó ń gbàgbé orúkọ ọmọ ẹ̀, kó mu ún.” Mo ní, “Ìyá, ìgò kan náà?” Wọ́n ní, “Ṣé o ò gbọ́ rédíò ni? Àrùn kan náà ni.”

Ìdajì ọ̀rọ̀ ni ìyá gbọ́. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Science Advances pé àwọ́n rí àmì kòkòrò Porphyromonas gingivalis, èyí tó máa ń gbé abẹ́ èrìgì, nínú ọpọlọ àwọn tó kú pẹ̀lú àrùn Alzheimer, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àrùn ìgbàgbé. Ṣáájú ìyẹn, ní 2017, wọ́n ti yẹ ìwé ìtọ́jú àwọn ènìyàn tó lé ní 27,000 wò ní Taiwan. Láàárín àwọn tí àrùn èrìgì ti ń bá fínra fún ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Alzheimer pọ̀ tó ìlọ́po 1.7 ti àwọn tí kò ní in. Àjọṣe wà, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan ṣe oògùn tí yóò gba ohun ìjà lọ́wọ́ kòkòrò náà, wọ́n dán an wò lára ènìyàn 643, nígbà tí èsì dé ní 2021, iyè àwọn tó lò ó ń ra lọ bí ó ti ń ra tẹ́lẹ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ olówó ńlá kò rí ṣe, ìgò kan ní Ìsìnkàn ní òun ti ṣe é.

Àṣìṣe tó bí èyí tó kù nìyẹn: a rí ohun méjì tó ń rìn pọ̀, a ní ọ̀kan ló bí èkejì. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò abẹ́ èrìgì ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ, tí ara ń bá a jà láìsinmi títí ìjà náà fi kan ọpọlọ. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra ni kò rántí fọ ẹnu mọ́. Àtọ̀gbẹ àti sìgá sì wà, tó ń ba méjèèjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ ka ohun 14 tí a lè tọwọ́ bọ̀ kí àrùn ìgbàgbé má baà pọ̀, ní 2024, ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, etí tí kò gbọ́ràn dáadáa wà níbẹ̀, ọtí àmujù wà níbẹ̀. Èrìgì ò sí níbẹ̀. Èyí ò ní kí ẹ pa èrìgì tì o. Ẹni tó fẹ́ máa jẹ ẹran títí ọjọ́ alẹ́ ti rí ìdí tó tó.

Ẹ̀jẹ̀ á yọ lójú búrọ́ọ̀ṣì, a ó ní kí a sinmi ibẹ̀ díẹ̀. Òdìkejì ni. Ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀ ló ń mú kó ṣẹ̀jẹ̀, bí a bá sì fi í sílẹ̀, yóò le bí òkúta, búrọ́ọ̀ṣì ò ní lè ká a kúrò mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ẹ má ha eyín bí ẹni ń fọ ìkòkò.

Orin àtà, pákò yẹn, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé jù, nítorí ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni màmá mi, wọn kì í sì í jáde láìrun orin. Bí èrìgì bá ń dùn wọ́n, wọ́n á jẹ àtà títí ẹnu á fi kú tipiri, wọ́n á ní ara ti yá. Àtà máa ń pa ẹnu kú lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni kànáfùrú. Ìrora ló pa, àrùn wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, ó ti dígí kékeré kan bọ ẹnu wọn, ó pè mí kí n wá wò. Iwájú eyín mọ́ gbòò. Ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀, lápá ahọ́n, ìdọ̀tí ti gan mọ́ ọn bí eérú tí omi ta sí, ó sì ti ti èrìgì wálẹ̀. Orin kì í sábà débẹ̀. Mi ò bá orin jà: Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá fọwọ́ sí i, àwọn onímọ̀ sì ti rí i pé omi àwọn orin wa kan ń pa kòkòrò nínú àwo ìwádìí. Ẹnu kì í ṣe àwo ìwádìí.

Álúmù, ọsàn wẹ́wẹ́ àti áṣáà tí a ń tẹ̀ mọ́ èrìgì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ọsàn ń jẹ ara eyín, taba ń ba èrìgì jẹ́.

Òmíràn: “Bí wọ́n bá fọ eyín fún mi ní ọsibítù, eyín á máa mì.” Ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta yẹn ló ń di àlàfo tí àrùn ti gbẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ká a kúrò, ojú á rí ohun tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Ní ti agbo iyè, ẹ wo ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ ògógóró, ọtí tí a kà mọ́ ohun tó ń ba ọpọlọ jẹ́ lókè yẹn lẹ ń fún bàbá mu lórúkọ oògùn. Àwọn mìíràn ń ra ginkgo, oògùn oníkóró tí wọ́n fi ewé igi kan ṣe, ní Arákalẹ̀. Wọ́n ti dán ginkgo wò ní Amẹ́ríkà lára àgbàlagbà 3,069, èsì jáde ní 2008, kò dí àrùn ìgbàgbé lọ́wọ́. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ike kò sọ pé ó ń wo àrùn. Ẹ ka lẹ́tà wínníwínní tó wà níbẹ̀.

Ẹ má sì fi agbo pa mọ́ fún dókítà. Ginkgo àti àáyù púpọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá, pàápàá lára ẹni tó ń lo aspirin tàbí warfarin. Orí àga ìyọyín kọ́ ló yẹ kí dókítà ti mọ̀.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ní ọdún kejì sí i. Wọ́n á pe orúkọ àbúrò wọn tó ti kú, wọ́n á ní ó wà lẹ́yìnkùlé. Aládùúgbò kan sọ ọ́ jẹ́jẹ́ létí mi pé Màmá ti ń ká bí àjẹ́. Mo dákẹ́, nítorí bí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìjà ni. Àwọn ènìyàn tún ń sọ pé àrùn òyìnbó ni ìgbàgbé yìí. Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì àti ẹgbẹ́ wọn ti tẹ̀ lé àwọn àgbà Yorùbá n'Íbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún: àwọn tí Alzheimer ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún jẹ́ 1.15%, ti àwọn adúláwọ̀ ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà, jẹ́ 2.52%. Ó kéré sí tiwọn, ó sì wà níbí. Kí ẹ tó ní ogbó ni tàbí àjẹ́ ni, ẹ gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò, sí ilé ìwòsàn UNIMED, ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó. Àìsàn ìtọ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti oògùn tí kò bára mu lè da orí àgbà rú, wọ́n sì ṣe é wò.

Èyí tí mo ṣe fúnra mi ló dùn mí jù: nígbà tí Màmá gbàgbé orúkọ mi, mo gbàgbé ẹnu wọn. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fún wọn lóúnjẹ, oṣù mẹ́ta ni mo fi gbà pé wọ́n ń run orin. Orin kan ṣoṣo ni wọ́n fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ti gbẹ. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sọ pé eyín ń dun òun. Yóò kàn kọ oúnjẹ, tàbí kó máa gbá ọwọ́ dànù.

Ní báyìí, a jọ máa ń jókòó kojú ara wa lẹ́yìn ìwẹ̀. Mo fọ tèmi kí wọ́n rí i, lẹ́yìn náà mo fi búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé lé wọn lọ́wọ́, mo di ọwọ́ náà mú láti òkè. Ọṣẹ ìfọyín kò ju èso ẹ̀wà kan lọ. Bí wọ́n bá kọ̀, a ó tún un gbìyànjú lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Lánàá, wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, lápá òsì, o ò fọ ibẹ̀ dáadáa.” Ohùn olùkọ́ ni. Mo padà lọ fọ ibẹ̀.