Bí mo ṣe wo ojú eṣinṣin ṣe sẹ́ńsọ̀ tó ń tẹ̀lé oòrùn

Mo fẹ́ kí páànẹ́lì sólà kékeré tí mo fi ń ṣájì fóònù máa yí tẹ̀lé oòrùn fúnra ẹ̀, ojú eṣinṣin ni mo wò kọ́ ọgbọ́n ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ojú eṣinṣin kì í ṣe ẹyọ kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú wẹ́wẹ́ ló so pọ̀, ìkọ̀ọ̀kan kọjú síbi tiẹ̀, àwọ̀ dúdú sì pààlà sáàárín wọn kí ìmọ́lẹ̀ eléyìí má baà jò sí tìyẹn. Fún tèmi, ojú 5 ti tó.

LDR, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ kékeré tó máa ń jẹ́ kí iná kọjá sí i bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó, ni mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Lágere ní Ifẹ̀. Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ka sẹ́ńsọ̀, tó sì ń darí mọ́tò, ti wà nílẹ̀. Mo gé bọ́ọ̀lù rọ́bà ọmọdé sí méjì, mo lu ihò kan sí àtàrí ẹ̀, mo wá lu mẹ́rin yí i ká, sí ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn, àríwá àti gúúsù, tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi 30 dígírì. Ẹ má bi mí pé kí ni ti àríwá àti gúúsù o, ní Ifẹ̀ níbí, tó bá di oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń fì sí gúúsù tó bíi 31 dígírì, tó bá sì di oṣù Kẹfà á ti bọ́ sí àríwá.

Páálí dúdú niṣẹ́ wà gan-an. Mo ká a róbótó yí LDR kọ̀ọ̀kan ká, ó ga tó sẹ̀ǹtímítà kan. Tó bá ga jù, oòrùn á gba àárín ojú méjì kọjá tí ìkankan ò ní rí i, tó bá sì kúrú jù, gbogbo wọn á máa rí gbogbo ojú ọ̀run, kí wá ni ìyàtọ̀? Lójú tèmi, ojú 5 tó ní páálí sàn ju 20 tí ò ní lọ.

Rẹ̀sítọ̀, ohun tó ń dín iná kù, la máa ń so mọ́ LDR. 10k, ìyẹn 10,000 ohm, ni wọ́n sábà máa ń júwe, ó dáa nínú ilé, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán á kún un bámúbámú, gbogbo ojú á máa gbé bíi 1,000 wá nínú 1,023 tó jẹ́ òpin ohun tí Arduino lè kà. 220 ohm ni mo lò, ojú tí oòrùn wọ̀ tààrà gbé bíi 700, tòdìkejì ò tó 100, kíá ni mọ́tò ìdí páànẹ́lì yí sọ́hùn-ún.

Torí òjò, mo fi ike tó mọ́ gaara bò ó, àmọ́ irú ike bẹ́ẹ̀ máa ń dá bíi 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà lójú kọ̀ọ̀kan, tinú tòde, ó di bíi 8. Àfòpiná ló mọ oògùn ẹ̀: góńgó wẹ́wẹ́ tó tó bíi 200 nanomita kún ojú ẹ̀, wọ́n kéré ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ, torí ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ò bá ògiri kankan pàdé, ó kàn ń wọlé díẹ̀díẹ̀ ni. Sílíkọ́nì lásán, ohun tí wọ́n fi ń ṣe páànẹ́lì sólà àti sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀, máa ń lé ju 30 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ní 2016 àwọn ará Aalto University ní Finland fi èyí tó ní irú góńgó bẹ́ẹ̀ ṣe sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀, nínú 100 ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á, ó ju 96 tó ń fún un ní iná. Ìyẹn kọjá tábìlì tèmi ṣá, aṣọ ni mo fi ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lórí ike mi, torí eruku yẹn ń jẹ ìmọ́lẹ̀ ju 8 tí ike ń dá padà lọ.