Bí A Ṣe Ń Fi Ohùn Wá Yìnyín Gáàsì Lábẹ́ Òkun

Bàbá mi kò ní ẹ̀rọ kankan nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Ìlàjẹ. Okùn kan ló ní, tó so òjé mọ́ ní ìdí. Bó bá fẹ́ mọ bí omi ṣe jìn tó, á ju òjé sómi, á máa fi apá wọn okùn bó ṣe ń lọ. Bí okùn bá ti dẹ̀, òjé ti kanlẹ̀ nìyẹn. Á fà á jáde, á wo ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn, á gbóòórùn rẹ̀, kó tó pinnu bóyá òun á ju àwọ̀n síbẹ̀. Iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe láti ọdún 17 sẹ́yìn nìyẹn, àfi pé ohùn ni òjé tèmi, abẹ́ ilẹ̀ òkun ni mo sì ń wò, níbi tí omi ti jìn tó 1,000 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àbúrò tó fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí kì í yéé bi mí ní ìbéèrè kan náà: báwo la ṣe ń fi ohùn wá yìnyín gáàsì lábẹ́ òkun? Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnu mi lè sinmi.

Ohun tí à ń wá ni hydrate. Omi tó dì ni, tó sì há gáàsì mọ́nú, methane ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ bá mi pè é ní yìnyín gáàsì. Kúbíìkì mítà kan péré nínú rẹ̀, tó bá yọ́, á tú nǹkan bíi kúbíìkì mítà 164 gáàsì sílẹ̀. Kò lè wà níbi gbogbo. Ó fẹ́ òtútù, ó sì fẹ́ kí omi wúwo lé òun lórí. Nínú omi Niger Delta tiwa, bí omi kò bá jìn tó nǹkan bíi 600 mítà, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Àwọn kan ń wá a nítorí epo ìdáná ọjọ́ iwájú. Àwọn ará Japan ti fa gáàsì jáde nínú rẹ̀ ní Nankai ní 2013, fún ìdánwò. Ní ọ̀dọ̀ wa, ohun tó ń ká àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lára ni pé ilẹ̀ tí yìnyín so pọ̀ lè rọ̀ bí ẹ̀kọ bí ooru páìpù epo bá yọ́ ọ. Omi tó jìn tó 1,000 mítà ni wọ́n sì ti ń wa epo ní pápá epo Bonga láti 2005.

Bí a bá ń walẹ̀ lọ láti ilẹ̀ òkun, ooru inú ayé á máa pọ̀ sí i, títí a ó fi dé ibi tí yìnyín kò ti lè dì mọ́. Gáàsì tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ á dúró sábẹ́ ibẹ̀ bí èéfín ṣe ń dúró sábẹ́ àjà. Ohùn máa ń yára nínú ilẹ̀ tó ní yìnyín, á sì falẹ̀ lójijì tó bá bọ́ sínú ilẹ̀ tó ní gáàsì. Gbohùngbohùn ńlá á jáde láti ojú ààlà yẹn. Ìlà tó ń yọ lójú kọ̀ǹpútà ni a ń pè ní BSR. Ooru ló ń pààlà yẹn, kì í ṣe irú ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìlà náà fi máa ń tẹ̀ lé bí ilẹ̀ òkun ṣe rí, tó gòkè bó bá gòkè, tó sọ̀ bó bá sọ̀.

Ó yá, irinṣẹ́. Ẹ má gbé ti àwọn elépo wá. Ìbọn afẹ́fẹ́, èyí tó ń yin afẹ́fẹ́ sínú omi láti fi dá ohùn, rẹpẹtẹ ni wọ́n ń lò nítorí ohun tí wọ́n ń wá jìn ní kìlómítà mélòó kan sábẹ́ ilẹ̀. Tiwa kò ju ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan lọ. Ìbọn kékeré méjì, tó ń fi afẹ́fẹ́ 2,000 psi ṣiṣẹ́, á tó yín. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ má rì í jìn. Ohùn tó bá gòkè lọ kan ojú omi máa ń ta padà ní ìdojúdé, á sì pa apá kan lára èyí tó ń lọ sísàlẹ̀. Bí ìbọn bá wà ní mítà 8, apá tó wà ní ìwọ̀n 94 Hertz, ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 94 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ló máa kú. Bó bá wà ní mítà 3, ó di 250 Hertz kí ó tó kú. Ohùn 40 Hertz kò lè fi ìpele ilẹ̀ tó tín-ín-rín ju mítà 10 hàn yín; 100 Hertz á fi èyí tó tó mítà 4 hàn. Ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé okùn agbọ́hùn tí ọkọ̀ ń fà lẹ́yìn, bí kò bá jìn sómi, máa ń gbọ́ gbogbo ariwo ìgbì, nítorí náà ẹ yan oṣù tí òkun rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi multibeam, ẹ̀rọ tó ń rán ọ̀pọ̀ ohùn sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ya àwòrán ojú ilẹ̀ òkun kí ẹ tó fa ìlà kankan tí ọkọ̀ máa tọ̀. Ẹ wá ibi tó dá kòtò róbótó, tí a ń pè ní pockmark, àti ibi tí gáàsì ti ń hó jáde sínú omi. Multibeam tó dáa á fi èyí náà hàn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fa ìlà yín, kí ó gba orí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọjá. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, BSR àti ìpele ilẹ̀ á jọ sùn gbalaja sójú kan, ẹ kò ní mọ èwo ni èwo. Ibi tí ìpele ilẹ̀ ti dagun ni BSR ti máa ń gé e kọjá gbangba. Kí ẹ sì fa ìlà mélòó kan tó dábùú àwọn yòókù, kí wọ́n lè jẹ́rìí fún ara wọn.

Streamer ni okùn gígùn tí etí kéékèèké kún inú rẹ̀, tí ọkọ̀ ń fà lẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ léfòó sábẹ́ omi ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, kó má rì, kó má sì yọrí síta. Òjé pẹlẹbẹ la fi ń dá a dọ́gba. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún kan, a dá tiwa dọ́gba dáadáa nínú omi iyọ̀ gidi, mítà 3, ó dúró bí ẹni tí a kàn mọ́lẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, a wọ ibi tí àwọ̀ omi ti yí padà sí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Omi odò Ọya ni, tí òjò ti kún, tó nà bí ẹní lórí omi òkun. Omi odò fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ, kò lè gbé nǹkan bíi tirẹ̀. Ni streamer bá bẹ̀rẹ̀ sí í rì, mítà 5, mítà 7, àwọn ẹ̀rọ abìyẹ́ tó ń gbé e sókè ti gbé apá wọn dé òpin. Bí mo ṣe bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré pẹ̀lú ọmọkùnrin kan nìyẹn, à ń bẹ́ òjé kúrò lára okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ́kànlá, kí ó tó padà sókè. Bàbá mi ì bá ti tọ́ omi yẹn wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọn iyọ̀ omi lárọ̀ọ̀rọ̀ kí n tó mu tíì. Ẹ tún ní ọkọ̀ kékeré kan tó ń lọ níwájú, tí ẹni tó gbọ́ èdè àwọn apẹja wà nínú rẹ̀. Àwọ̀n kan ṣoṣo tó bá lọ́ mọ́ streamer, ẹ fi ọjọ́ kan jìn ín, ẹ sì ti jẹ ẹlòmíràn ní gbèsè àwọ̀n.

Kí ìbọn tó dún, ẹ wo òkun. Ìlànà JNCC, àjọ ààbò ẹ̀dá ti ìlú Ọba, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń tẹ̀ lé: nínú omi tó jìn ju 200 mítà lọ, kí a ṣọ́ òkun fún ìṣẹ́jú 60; bí àbùùbùtán tàbí dolphin bá wà láàárín 500 mítà, kí a dúró. Lẹ́yìn náà, kí ìbọn bẹ̀rẹ̀ ní jẹ́jẹ́, kó máa lágbára sí i fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán. Mo mọ àwọn tó máa ń kùn pé ó ń jẹ àkókò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kùn.

Bí ọkọ̀ bá ń rìn ní ìwọ̀n nọ́ọ̀tì 5, tí ìbọn sì ń dún ní mítà 25 síra, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá ni ẹ ó máa gbọ́ ọ, tọ̀sán tòru. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì ẹ kò ní gbọ́ ọ mọ́, àfi tó bá dákẹ́.

Wàyí o, kíkà á. Ibí yìí ni mo ti tẹ́ rí, nínú ìrìn àjò mi kejì. Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe, ìlà tí à ń gbà sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí omi ti jìn tó 700 mítà, ó ń lọ síbi 1,500. Ni mo bá rí ìlà kan lábẹ́ ilẹ̀ òkun, ó mọ́lẹ̀ kedere, ó ń bá ilẹ̀ òkun rìn bí ọmọ ṣe ń bá ìyá rẹ̀ rìn. Mo sáré lọ jí ọ̀gá mi, obìnrin Ẹ̀gbá kan tí kì í fi oorun rẹ̀ ṣeré.

Mo ní, “Ẹ dìde mà, a ti rí BSR!”

Ó dé, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. Ó fa rúlà oníke kan yọ nínú àpò, ó fi lé ojú kọ̀ǹpútà ní ọwọ́ òsì, ó wọn àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀ òkun àti ìlà mi. Ó wọ̀n ọ́n ní àárín. Ó wọ̀n ọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún. Ìwọ̀n kan náà.

Ó ní, “Ọmọ Ìlàjẹ, omi kúrò ní 700, ó di 1,500. Ṣé yìnyín tìrẹ kò mọ̀ ni?”

Omi tó jìn jù wúwo jù, ó sì tutù jù nísàlẹ̀, nítorí náà BSR tòótọ́ gbọ́dọ̀ máa jìnnà sí ilẹ̀ òkun bí omi ṣe ń jìn. Àkókò àlọ àti àbọ̀ ohùn la fi ń wọn ìjìnlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà; tèmi dúró sójú kan, ìṣẹ́jú àáyá 0.08, gbágbágbá. Ó tún ní kí n wo àwọ̀. Ilẹ̀ òkun wa jẹ́ dúdú kí funfun tó tẹ̀ lé e. BSR gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdojúdé rẹ̀, funfun ṣáájú, dúdú tẹ̀ lé e, nítorí ohùn ń ti inú nǹkan tó yára bọ́ sínú èyí tó falẹ̀. Ìlà mi jẹ́ dúdú ṣáájú, bí ilẹ̀ òkun gẹ́lẹ́.

Bubble ni. Bí ìbọn bá yìn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú bíi bọ́ọ̀lù, á súnkì, á tún wú, ìwúkejì yẹn á sì tún dún. Yàrá méjì ni irú ìbọn tí à ń lò ní: ọ̀kan ń yìn, èkejì ń tú afẹ́fẹ́ sínú bubble kí ó má baà súnkì. Wáyà èkejì ti já lórí ọ̀kan nínú àwọn ìbọn wa. Wọ́n fa á wọlé, wọ́n tún un ṣe, ìlà mi pòórá. Wákàtí mẹ́rin la fi tún ìlà yẹn gbà, mo sì di “Bàbá BSR” títí ìrìn àjò fi parí. Nígbà tí ti tòótọ́ dé lọ́jọ́ kẹta, èmi ni mo kọ́kọ́ na ọwọ́ mú rúlà: 0.2 níbi tí omi ti jìn tó 900, 0.35 níbi 1,400, ó sì gé àwọn ìpele ilẹ̀ kọjá lẹ́bàá òkè kan.

Nǹkan mìíràn tún wà tó jọ ọ́: ohùn tó lọ, tó bọ̀, tó tún lọ lẹ́ẹ̀kejì. Òun náà dojúdé. Ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì àkókò ilẹ̀ òkun ni ẹ ó ti bá a, nítorí náà kò ṣòro mọ̀.

Bí ẹ bá ti rí BSR, ẹ ṣírò. Ká ní omi jìn ní 1,200 mítà. Ohùn ń rin nǹkan bíi 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 1.6. BSR wá wà ní 0.3 lábẹ́ rẹ̀. Bí ohùn bá ń rin 1,700 nínú ilẹ̀ yẹn, ìdajì 0.3 lọ́nà 1,700 fún yín ní 255 mítà. Ní ìjìnlẹ̀ yẹn, nǹkan bíi digíríì 15 ni yìnyín methane ti ń yọ́ nínú omi iyọ̀. Bí ìsàlẹ̀ òkun bá jẹ́ 4.5, ooru ti fi 10.5 lé láàárín 255 mítà, bíi digíríì 41 ní kìlómítà kan. Ẹ fi èyí wé ìwọ̀n ooru tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọ̀n lágbègbè náà. Bí kò bá bára mu rárá, ẹ tún ìlà yín yẹ̀ wò. Ohun kan tó lè bà á jẹ́ ni 1,700 yẹn: streamer kúkúrú kò lè wọn eré ohùn dáadáa nínú omi jíjìn. Ẹ ju ẹ̀rọ agbọ́hùn mélòó kan sórí ilẹ̀ òkun fúnra rẹ̀ bí owó bá wà.

Àìrí BSR kò ní kí yìnyín má sí. Ní Blake Ridge, létíkun Amẹ́ríkà, ní 1995, wọ́n gbẹ́ ihò 994 níbi tí BSR kò sí, wọ́n sì bá yìnyín níbẹ̀. BSR náà kì í sọ iye tó wà, nítorí gáàsì díẹ̀ ti tó láti mú un tàn. Ẹ tún wo àwọn ọ̀pá funfun tó dúró ṣánṣán láti ìsàlẹ̀ dé abẹ́ pockmark, tí ìpele ilẹ̀ pòórá nínú wọn. Ibẹ̀ ni gáàsì ń gbà gòkè, ibẹ̀ sì ni yìnyín ti sábà máa ń súnmọ́ ojú ilẹ̀. Irú ibẹ̀ ni ọkọ̀ Pourquoi pas? ti Ifremer, ilé ìwádìí òkun ní Faransé, gbé MeBo, ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ àwọn ará Bremen ní Jámánì, lọ ní 2011 nínú omi jíjìn Niger Delta wa, ọwọ́ wọn sì tẹ yìnyín.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń yan ibi tí ẹ ó ti fa ẹrẹ̀ jáde, orí ọ̀pá yẹn ni kí ẹ lọ, níbi tí ìlà méjì ti pàdé. Ẹ yára bó bá dé orí ọkọ̀. Ẹrẹ̀ tó ní yìnyín á máa hó ṣì-ṣì-ṣì, á rọ̀ bí ọbẹ̀, á máa rùn bí ẹyin tó bà jẹ́, ọwọ́ yín á sì mọ̀ pé ó tutù ju èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gáàsì tó ń wú nínú páìpù tí ẹ fi fa ẹrẹ̀ náà jáde lè ta ẹrẹ̀ jáde bí ọta ìbọn. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má gbójú síwájú ẹnu rẹ̀.