Bí Iṣẹ́ Bá Sú Yín, Ojú-Ìwé Tó Kẹ́yìn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Mọ̀

Lẹ́yìn tí a bá ti kó kàlẹ́ńdà àti dáyárì ọdún tuntun jáde tán, Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Èkó, máa ń dákẹ́. Láti oṣù kẹwàá títí dé Kérésì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í sinmi ládùúgbò wa. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kejì, ẹ ó rí atẹ̀wé tó mọ iṣẹ́ dunjú tó jókòó sórí ìdì bébà, tó ń fi àtàǹpàkò ti fóònù lọ sókè sódò. Iṣẹ́ kékeré wà nílẹ̀ o. Ìwé ètò ìsìnkú wà níbẹ̀, rìsíìtì oníṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wákàtí kan á di ti ìrọ̀lẹ́, ti ìrọ̀lẹ́ á di ti ọ̀la. Láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń di ìwé níbí, mo sì ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ púpọ̀. Ọ̀nà tí mo fi ń gbé ara mi àti àwọn ọmọ náà dìde nígbà tí ìfẹ́ iṣẹ́ bá kúrò lọ́kàn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀.

Kí ẹ tó mú gègé, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń ṣe yín. Bó bá jẹ́ oorun ni kò tó, ẹ lọ sùn. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ikorodu Road, tó sì ń wọlé ní aago mẹ́wàá alẹ́, àárẹ̀ ló mú un, kò sì sí àfojúsùn tó lè rọ́pò oorun. Bó bá jẹ́ owó ilé tàbí owó oúnjẹ ni, ẹ wá iṣẹ́ tó ń mówó wọlé lọ́sẹ̀ yìí ná, kí ẹ wá padà wá ka èyí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kàn. Bí inú yín bá ń bàjẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oúnjẹ ò lọ lẹ́nu, tí oorun ò wá tàbí tó pọ̀ jù, tí ohun tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Yábàá láti 1907. LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, náà ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú ń ti àwọn èèyàn kí ará àdúgbò má lọ rí wọn lẹ́nu géètì Yábàá. Ẹ lọ bẹ́ẹ̀ náà. Bó bá sì dé ibi pé ayé ò wù yín gbé mọ́, ẹ má dá wà o. Ẹ pe ẹni yín lónìí, kó bá yín lọ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi wà fún ni ẹni tí ara rẹ̀ dá, tó rí jẹ, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí kò mọ ibi tí iṣẹ́ ń gbé e lọ mọ́.

Nídìí iṣẹ́ wa, a kì í tẹ ojú-ìwé ní ẹyọ ẹyọ. Bébà ńlá kan la máa ń tẹ ojú-ìwé 16 sí, mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn. A ó ká a lẹ́ẹ̀mẹta, a ó gé etí rẹ̀, á di apá kan ìwé. Bí ẹ bá tẹ́ bébà náà sílẹ̀ kí a tó ká a, ẹ ó rí i pé ojú-ìwé 1 kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú-ìwé 2. Ojú-ìwé 16 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 2 wà pẹ̀lú 15, 3 wà pẹ̀lú 14. Ẹ ro èyíkéyìí nínú wọn pọ̀, 17 ni yóò fún yín. Ẹni tí kò mọ ibi tí ìwé rẹ̀ máa parí sí kò lè mọ ibi tó máa gbé ojú-ìwé 1 sí rárá. Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi láti ro ti ara wọn nìyẹn: òpin àti òní gbọ́dọ̀ wà lórí bébà kan náà, kí wọ́n sì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn.

Ẹ mú bébà kan, ẹ ká a sí méjì, ẹ wá tẹ́ ẹ sílẹ̀. Apá òsì ni ti òpin, apá ọ̀tún ni ti òní. Apá òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, ibẹ̀ ló sì le jù, torí náà ẹ má kánjú níbẹ̀. Ẹ má kọ “mo fẹ́ di olówó” tàbí “kí Ọlọ́run gbé mi ga”. Àdúrà nìyẹn, ẹ gbà á níbi tí ẹ ti ń gbàdúrà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ ni àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọdún mẹ́wàá sí òní. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo sọ nítorí pé ọjọ́ iṣẹ́ ni, kò sí àríyá níbẹ̀. Níbo lẹ wà? Kí ló wà lórí tábìlì níwájú yín? Ta ló ń dúró dè yín, kí ló sì wá gbà? Iṣẹ́ wo ni wọ́n gbé wá láàárọ̀ náà tí ẹ sọ pé ẹ ò ṣe?

Tèmi rèé. Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù tó ní fèrèsé ńlá, Ṣómólú níbí náà. Ìwé ọmọdé lédè Yorùbá ló kún orí tábìlì: ìwé ààlọ́, ìwé ìṣirò, ìwé nípa ẹja inú ọ̀sà Èkó. Àmì ohùn pé sórí gbogbo wọn. Òwú ni a fi rán ẹ̀yìn wọn, kì í ṣe gọ́ọ̀mù lásán, nítorí ìwé tí ọmọdé ń fà tí ó ń ya máa ń tú ká kí sáà ilé ìwé tó parí bí kò bá ní òwú nínú. Tíṣà kan láti Mákòkó dúró níwájú mi, ó ń ka ìwé sínú páálí. Iṣẹ́ tí mo kọ̀ láàárọ̀ náà ni pósítà olóṣèlú. Mo ti tẹ ìyẹn tó.

Bí apá òsì bá ṣòro, tó jẹ́ pé ẹ kọ nǹkan tẹ́ ẹ tún pa á rẹ́, ẹ bi ara yín ní ohun méjì. Iṣẹ́ wo lẹ máa ń ṣe tí ẹ kì í wo aago? Kí ló sì máa ń bí yín nínú nídìí iṣẹ́ yín, tí àwọn ẹlòmíràn ń rí tí wọ́n ń kọjá lọ? Ìbínú wúlò ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ohun tó bá ń bí èèyàn nínú lọ́dọọdún, ó ti fẹ́ràn nǹkan kan níbẹ̀.

Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan tó ń ṣe dísáìnì lórí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Ní sáà kan, káàdì ìgbéyàwó nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí oníbàárà kò tilẹ̀ ní tẹ̀ mọ́, orí WhatsApp ló máa fi ránṣẹ́. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé. Mo pè é jókòó.

“Ọmọ mi, ọdún mẹ́wàá sí òní, kí lo fẹ́?”

“Mo fẹ́ kọ́lé sí Lẹ́kí, Màmá.”

“Àmín. Bí Ọlọ́run bá fún ẹ nílé náà lónìí, iṣẹ́ wo lo máa jí ṣe lọ́la?”

Kò rí èsì fún mi. Ó lọ, ó ń rò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó padà wá, ó ní, “Màmá, ohun tó ń bí mi nínú jù ni ẹ́ yẹn. Èyí tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀.”

Gbogbo ẹni tó ń tẹ ìwé Yorùbá ló mọ ohun tí ó ń sọ. Kọ̀ǹpútà ní ẹ gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà kan, ó sì ní é gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì méjèèjì kò sí lódindi. Ńṣe la máa ń gbé àmì ohùn gun orí ẹ. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì náà, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, kò bá ro tiwa mọ́ ọn, àmì ohùn á fò sápá kan, tàbí kó lọ já lu lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́. Ọmọ náà ní òun fẹ́ ṣe fọ́ǹtì tí àmì Yorùbá máa dúró síbi tó yẹ nínú rẹ̀, tí àwọn tó ń tẹ ìwé fún ilé ìwé á máa lò. Inú mi dùn débi pé mo dìde. Ojú-ìwé 16 rẹ̀ nìyẹn. Ojú-ìwé 1 tí a kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni pé, láràárọ̀, kó tó ṣí WhatsApp, kó fi pẹ́ńsù ya lẹ́tà kan ṣoṣo sórí bébà onílà. Káàdì ìgbéyàwó kò dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ó wá ń fi orúkọ ìyàwó àti ti ọkọ dánra wò, ó ń to àmì wọn títí á fi gún. Kì í pẹ́ dé mọ́.

Ìdí tí mo fi bi í léèrè ilé Lẹ́kí ni pé, nínú Èkó yìí, ó rọrùn láti gbé àfojúsùn aládùúgbò sórí. Ilé Lẹ́kí kò burú, lílọ sí òkè òkun kò burú. Ẹ ṣáà bi ara yín pé: bí ẹnì kankan ò bá ní rí i, bí mi ò bá ní gbé fọ́tò rẹ̀ síta, ṣé ó ṣì wù mí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ wá òmíràn.

Bí apá òsì bá ti wá dùn lójú yín, ẹ má dúró síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa wò ó. Gabriele Oettingen, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ọmọ Jámánì tó ń kọ́ni ní Yunifásítì New York, ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí èyí. Nínú ìwádìí rẹ̀ kan lórí àwọn obìnrin tó fẹ́ dín ara kù, àwọn tó ń fi ojú inú wo bí nǹkan ṣe máa rọrùn tí á sì dùn ni ara wọn dínkù kéré jù. Ohun tó wá ń kọ́ni ni pé kéèyàn wo ibi tó ń lọ, kó sì wo ohun tó máa dí i lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Peter Gollwitzer, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi kún un pé kí á ti pinnu tẹ́lẹ̀: bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, báyìí ni màá ṣe.

Nítorí náà, ní àárín bébà, lójú ìká náà gan-an, ẹ kọ ohun tó ń dá yín dúró. Ẹ kọ ti ìta, ẹ kọ ti inú. Ti ìta tèmi ni owó bébà. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú bébà tí à ń lò ti ń wá, gbogbo wa la sì mọ bí náírà ṣe já wálẹ̀ ní 2023. Mi ò lè yí ìyẹn padà, mo lè fi ìwé mọ sí ojú-ìwé 16 dípò 32. Ti inú ló ń ṣọṣẹ́ jù. Tèmi ni fóònù láàárọ̀, nítorí náà mo kọ ọ́ báyìí: “Bí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, fóònù á wọ inú dúrọ́ọ̀, màá sì kọ́kọ́ rán ẹ̀yìn ìwé kan.” Ẹ kọ tiyín ní gbólóhùn kan péré.

Ó kù kí ẹ rìn láti òsì bọ̀ sí ọ̀tún. Ọdún mẹ́wàá, ọdún márùn-ún, ọdún kan, oṣù yìí, àárọ̀ yìí. Ẹ máa bi ara yín pé: kí èyí tó ṣẹlẹ̀, kí ló gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀? Kí àwọn tíṣà tó máa fi páálí kó ìwé lọ́dọ̀ mi, ilé ìwé díẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lò ó. Kí wọ́n tó lò ó, ìwé ààlọ́ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ ti jáde, bébà ńlá kan péré, ojú-ìwé 16. Kí ìyẹn tó jáde, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbọ́dọ̀ bá mi yẹ àmì ohùn rẹ̀ wò lóṣù yìí. Kí n tó lọ bá a, mo gbọ́dọ̀ ní nǹkan lọ́wọ́ tí màá gbé fún un. Iṣẹ́ àárọ̀ yìí nìyẹn: kí n ká bébà, kí n rán an, kí n kọ ààlọ́ náà sínú rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ má fojú kéré bébà ńlá kan péré. Samuel Àjàyí Crowther kò dúró de ìgbà tí Bíbélì Yorùbá máa pé. Ìwé sí àwọn ará Róòmù tó túmọ̀ sí Yorùbá jáde ní 1850, ó kéré tó ìwé tí ọmọ iṣẹ́ kan lè rán kí ilẹ̀ tó ṣú. Òmíràn ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, òun àti àwọn tó ń bá a ṣe é. Wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ẹrù iṣẹ́ tún pọ̀ sí i lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ náà ń lọ. 1884 ni Bíbélì odindi tó jáde. Ó rí i kó tó kú ní Èkó ní 1891. Bí iṣẹ́ kan bá ń pẹ́ lọ́wọ́ mi, ọdún 1850 àti 1884 ni mo máa ń rò.

Ẹ fi owó díẹ̀ sí i pẹ̀lú, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Mò ń dá àjọ fún ìwé ọmọdé mi lọ́tọ̀, káàdì rẹ̀ kò papọ̀ mọ́ ti owó ilé. Ṣómólú kúkú ni ìlú àjọ. Bàbá Alphaeus Taiwo Olunaike, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Alájọ Ṣómólú, kẹ̀kẹ́ ló fi ń gba àjọ kiri, àwọn èèyàn ṣì ń sọ pé ó ta mọ́tò mẹ́ta kó tó rà á. Kẹ̀kẹ́ wọ kọ̀rọ̀ tí mọ́tò ò lè wọ̀, kọ̀rọ̀ náà sì ni àwọn oníbàárà rẹ̀ wà. Iye tí ẹ bá ń dá lè kéré, ẹ ṣáà rí i pé kò yingin.

Ní ti ẹni tí ẹ máa sọ fún, ẹnì kan tó. Ẹ mú ẹni tó máa bi yín lọ́jọ́ Àìkú pé, “Ibo lo bá a dé?”, tí kò sì ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá lọ́ra. Àbúrò mi obìnrin ni tèmi.

Ọjọ́ kan á wà tí bébà náà gan-an ò ní wú yín lórí. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má tún un kọ, ẹ má ya á. Ẹ ṣe iṣẹ́ apá ọ̀tún nìkan, èyí tó kéré jù níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ sílé. Ìgbà tí iṣẹ́ ọdún bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kìíní ni mo máa ń tún apá òsì wò. Bí ohun tí mò ń fẹ́ bá ti yí padà, màá mú bébà tuntun kọ ọ́, màá sì fi ti àtijọ́ pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Kò yẹ kí bébà náà wọ́n. Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gé ìwé ní Ṣómólú, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ fẹ́ àjákù etí bébà, èyí tó nípọn díẹ̀. Bírò ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsù. Ẹ kọ déètì sórí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ojú yín máa kọ́kọ́ bà nígbà tí ẹ bá jókòó sídìí iṣẹ́.