Bí A Ṣe Lè Ti Inú Fọ́tò Àtijọ́ Mọ Iṣẹ́ Wàrà Tí Òbí Ẹni Ṣe Nígbà Ọ̀dọ́

Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bàbá mi sí. Nígbà tí a ń tún yàrá wọn ṣe ni mo rí agolo bisikíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí fọ́tò mọ́kànlá àti ìwé kan tí a ṣẹ́ sí mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan lóṣòó ti màlúù funfun kan, ó fi orúnkún méjèèjì há korobá, ó sì ń fún wàrà. Bàbá mi ni. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní oko ẹran ọ̀sìn ìjọba kan nítòsí Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, kò sì sí ọmọ kankan nínú wa tó mọ̀. Bí irú agolo bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ọ̀nà tí mo gbà nìyí.

Ẹ má ṣe fi omi kan fọ́tò àtijọ́ rárá. Èmi fi aṣọ tútù nu ìdọ̀tí ara ọ̀kan, àwòrán náà sì bá aṣọ ṣí kúrò; orí màlúù ló ṣẹ́kù, ọwọ́ ẹni tó di okùn rẹ̀ mú ti parẹ́. Ó ń dùn mí di òní. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ ni kí ẹ fi gbọn eruku, etí fọ́tò sì ni kí ẹ máa dì mú. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má ṣí i. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, láìtan iná fóònù. Bí ẹ bá rí sikánà, ẹ lo 600 dpi (iye àmì àwòrán nínú íǹṣì kan), kí ẹ sì ya ẹ̀yìn fọ́tò pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ ayàwòrán àti ìkọ̀wé máa ń wà. Inú àpòòwé ni kí ẹ tọ́jú wọn sí, kì í ṣe inú ọ̀rá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ọdún rẹ̀ lára àwọn ohun tó wà nínú fọ́tò. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní apá ọ̀tún ọ̀nà, nítorí náà ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tó ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ àtijọ́ lè pẹ́ lójú títì. Owó tí a kọ ní pọ́n-ùn àti ṣílè jẹ́ ti ìgbà tí náírà kò tíì dé ní ọdún 1973. Orí ìwé ìjọba tún dájú ju ìwọ̀nyí lọ: Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló wà títí di 1967, Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ló tẹ̀lé e, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló wà lórí ìwé inú agolo wa, ìyẹn ìwé ìgbanisíṣẹ́ bàbá mi.

Ẹ wo màlúù náà dáadáa. Èyí tó funfun, tó níké, tí ìwo rẹ̀ gùn, ni màlúù Fúlàní tí a mọ̀ sí Bunaji. Irú màlúù mìíràn tí a ń pè ní N'Dama kò níké, ó kéré, ó sì lè fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Bí ẹ bá rí èyí tó ní àbàwọ́n dúdú àti funfun gbàràmù-gbaramu, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Friesian láti òkè òkun tàbí àdàlù rẹ̀.

Ìbéèrè bíbi ló ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí mo bi bàbá mi ní ọdún tí wọ́n ṣiṣẹ́ náà, "Ó ti pẹ́" ni wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n sì dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo fi ìka lé okùn tó wà lẹ́sẹ̀ màlúù, mo ní, "Bàbá, kí ni wọ́n ń fi okùn yìí ṣe?" Wọ́n ní kí n mú okùn wá. Wọ́n lọ́ ọ mọ́ ẹsẹ̀ àga méjì, wọ́n fà á le, wọ́n ní bí a ṣe ń di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìyẹn kí ó má baà ta korobá nù. Mo tún béèrè ìdí tí ọmọ màlúù fi wà ní ìso lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, èyí tí mo rò pé ayàwòrán ló gbé e síbẹ̀ kí ó lè dára lójú. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ màlúù ilẹ̀ wa kì í sọ wàrà sílẹ̀ bí kò bá rí ọmọ rẹ̀: ọmọ á kọ́kọ́ mu díẹ̀, a ó fà á kúrò, a ó so ó síwájú ìyá kí ó lè máa lá a, nígbà náà ni a ó tó fún un, a ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọmọ. Nítorí náà, ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe nínú fọ́tò ni kí ẹ máa béèrè. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ tán, ẹ ra wàrà dídì díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin gáà kí ẹ gbé e síwájú òbí yín. Ọ̀rọ̀ oje bọ̀mùbọ̀mù tí wọ́n fi ń mú un dì nìkan gba ìrọ̀lẹ́ kan gbáko lọ́wọ́ wa.

Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù rírọ̀ kọ ohun tí wọ́n sọ sẹ́yìn àpòòwé kí ẹ tó fi fọ́tò sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé ìjọba kún un lè lọ sí Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ohun tí mo kọ sẹ́yìn àpòòwé ti bàbá mi ni pé Àyìnkẹ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ màlúù funfun náà, àti pé kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọwọ́ òsì sún mọ́ òun.