Ẹ yẹ wáyà mẹ́ta yìí wò kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀ throttle tuntun

Tí scanner (ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀) bá ti gbé kóòdù P0120, P0121, P0122 tàbí P0123 jáde báyìí, sẹ́ńsọ̀ throttle, ìyẹn èyí tó ń sọ bí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì (throttle) ṣe ṣí tó, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré lọ rà. Wọ́n á dè é tán, iná "check engine" á tún tàn, owó á sì ti lọ. Kóòdù yẹn ò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́ o. Ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ tí ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ yẹn ń jẹ́ fún brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) ò bójú mu, wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì sì wà lára ọ̀nà náà.

Camry "Pencil Light" ẹlẹ́ńjìnnì 2.2 (5S-FE) la ó lò, torí pé kébù ló ń ṣí throttle rẹ̀. Wáyà mẹ́ta ló wọ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀: VC ń gbé fóòtì 5 wá láti inú brain box, E2 ni earth, VTA ló ń dá èsì padà. Nínú sẹ́ńsọ̀, ìka kékeré kan ń ha orí kábọ́ọ̀nù lọ bọ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ ẹsẹ̀. Ibi tí ìka náà máa ń wà jù, ìyẹn ibi slow (nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí pẹ́dáálì) àti ibi tí ẹsẹ̀ máa ń wà lójú ọ̀nà tó já geere, ló kọ́kọ́ máa ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi máa ń já gììrì ní ojú kan náà lórí pẹ́dáálì, tó bá ti kọjá ibẹ̀ á dákẹ́. Tó bá jẹ́ slow nìkan ló ń gòkè sọ̀ kalẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fọ throttle body kí ẹ sì wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé lọ́nà àìtọ́.

Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má sítáàtì. Ẹ fi mítà tó ń wọn iná sí DC 20, ẹnu pupa sórí VC, dúdú sórí E2, ní ẹ̀gbẹ́ wáyà. 4.5 sí 5.5 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Tí kò bá sí nǹkan kan, ẹ gbé ẹnu dúdú lọ sí nẹ́gétíìfù bátìrì. Tí 5 bá yọ níbẹ̀, E2 ló já. (Tí E2 bá já tí sẹ́ńsọ̀ wà lórí, gbogbo fóòtì 5 yẹn á gba VTA lọ, brain box á rò pé ẹ ti tẹ ẹsẹ̀ dé ilẹ̀.) Tí kò bá sí 5 níbẹ̀ náà, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì MAP sẹ́ńsọ̀ (èyí tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì), torí VC kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń mu. Tí fóòtì bá padà wá, MAP tàbí wáyà rẹ̀ ló ń fà á wálẹ̀. Tí kò bá padà, VC ti já lójú ọ̀nà, tàbí ó ti kan earth, tàbí kí brain box má fún un mọ́.

Ẹ má fi gílóòbù àwọn ráwáyà dán wáyà wọ̀nyí wò, ẹ má sì gbé fóòtì 12 sí wọn. Brain box lè jó.

Tí 5 bá pé, ẹ dá sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, kí ẹ fi píìnì tín-ín-rín gún VTA àti E2 láti ẹ̀yìn. Ní pípadé, fóòtì 0.3 sí 1.0; ní ṣíṣí tán, fóòtì 3.2 sí 4.9. Nọ́ńbà méjèèjì yìí nìkan ò tó. Ẹ fi ọwọ́ ṣí throttle díẹ̀díẹ̀, kó gba bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ máa wo mítà bóyá ó ń gòkè láìjábọ́. Ká ní ohun tẹ́ ẹ rí ni 0.6, 0.7, 0.8, 0.2, 0.9. Ẹ ò rí 0.2 yẹn? Ibi tó ti jẹ nìyẹn. Mítà alábẹ́rẹ́ ló ń fi èyí hàn jù, torí mítà onínọ́ńbà olówó pọ́ọ́kú máa ń fo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ tún fi ìdí sukudiráfà kan sẹ́ńsọ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ tún un ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, torí òmíràn ò ní ṣe wàhálà nígbà tó bá tutù.

Bí ọkàn yín bá ṣì ń ṣe kámi-kàmì-kámi, ẹ so scanner, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Throttle tí scanner ń kà á rẹlẹ̀ sí nǹkan bí 0%. Ẹ fi wáyà kékeré tó ní resistor (ohun kékeré tó ń dín iná kù) 1,000 ọ́ọ̀mù láàárín so VC mọ́ VTA. Tó bá fò lọ sí nǹkan bí 100%, VC, VTA àti brain box ò ní ẹ̀bi. Tí E2 náà bá ti dára, sẹ́ńsọ̀ lẹ ó pààrọ̀. Tí kò bá mira, wáyà ni kẹ́ ẹ tọ̀.

Kí ẹ tó wọn wáyà, ẹ yọ nẹ́gétíìfù bátìrì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box. Láti òpin sí òpin, kò yẹ kó kọjá ọ́ọ̀mù 1, kò sì gbọdọ̀ kan earth. Ẹ máa mì í bí ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ibi tí èkúté jẹ, ibi tí omi carwash wọ̀ tí ojú wáyà di aláwọ̀ ewé, àti ibi tí wọ́n lọ́ wáyà pọ̀ tí wọ́n fi tépù wé, ibẹ̀ gan-an ni àìsàn máa ń wà. Ẹ gé e, kí ẹ jó léèdì sí i. Ẹ má ki ẹnu mítà bọ ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì: ihò á fẹ̀, píìnì ò ní dì í mú mọ́, ẹ ó sì ti dá àìsàn tuntun sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú sẹ́ńsọ̀, ẹ sàmì sí ibi tó wà. Ẹ̀gbẹ́ ni tuntun máa ń dojú kọ nígbà tó bá wọlé, ẹ ó wá yí i títí ihò síkúrù á fi bára mu. Tó bá gba òdì ojú lefa orí ọ̀pá throttle wọlé, throttle lè há ní ṣíṣí, nítorí náà ẹ ṣí i kí ẹ sì jẹ́ kó padà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó sítáàtì. Ẹ wá yí i títí VTA á fi wà láàárín 0.3 sí 1.0, ẹ de síkúrù, ẹ pa kóòdù rẹ́.

Fún Camry "Muscle", ẹ má tẹ̀ lé èyí o: mọ́tò ló ń ṣí throttle rẹ̀, èsì méjì ló ń fún brain box, mọ́tò yẹn sì lè pa dé mọ́ ìka yín.