Bẹ́ ẹ ṣe lè sin ajá nínú ilé alájọgbé láìsọ gbogbo ará ilé dọ̀tá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ilé féèsì-mì-áì-féèsì-yú bíi tèmi, tí ọ̀rẹ́ yín kan wá ní ajá òun bímọ mẹ́fà kẹ́ ẹ wá mú ọ̀kan, tẹ́ ẹ sì ti ń fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀ kiri, ẹ dúró ná, ẹ má tíì gbé e wọlé. Mo ti sin ajá mẹ́ta nírú ilé yìí n'Íbàdàn, ìkejì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde, mo sì ti wá mọ̀ pé kì í ṣe ajá gan-an lará ilé máa ń bá jà, ẹni tó ni ín ni wọ́n ń bá jà, ajá kàn jẹ́ ojú ihò tí ìjà gbà wọlé ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ajá pé kó jókòó kó dìde, ìyẹn kún orí YouTube, ẹ lọ wò ó níbẹ̀. Bí èèyàn mẹ́wàá ṣe máa gba ajá ẹnì kan láyè nínú kọmpáùndù kan ṣoṣo lèmi fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ ka yàrá. Òótọ́ ni mò ń sọ, ẹ jókòó síwájú ilé nírọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ máa ka yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́kàn, kẹ́ ẹ máa bi ara yín pé lójú ẹni tó ń gbé ibí yìí, kí ni ajá? Nílé tí mò ń gbé nígbà yẹn, Bàbá tó wà ní yàrá iwájú, ọmọ ọdẹ ni wọ́n, òṣìṣẹ́ lajá lójú tiwọn, wọ́n á so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn, á bá ọdẹ lé ẹran nígbó, tí wọ́n bá rí ẹran pa òun náà nípìn-ín, àmọ́ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan inú yàrá láé. Bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ wọn ń bọ Ògún, ajá lẹran Ògún, tó bá ti rí ajá tó sanra ó máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ sì mọ ohun tó ń rò. Ọmọbìnrin tó ń lọ Pólì ti wo Instagram débi pé "bébì mi" ló ń pe ajá, ó fẹ́ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ọlọ́mọ kékeré tó wà lẹ́yìn wá sọ fún mi pé nígbà tóun wà lọ́mọdé lábúlé, tí ọmọ bá ti yàgbẹ́ sílẹ̀, ajá ni wọ́n máa ń pè, á jẹ ẹ́ tán, á sì lá ìdí ọmọ mọ́ fún wọn. Pampers ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ajá o, àmọ́ àwọn èèyàn ò tíì gbàgbé ohun tí ẹnu yẹn máa ń jẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pariwo bí ajá bá fahọ́n kan ọmọ wọn lójú. Ẹ ò lè ní kí gbogbo àwọn èèyàn yìí wo ajá yín bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ mọ ibi tí ajá ò gbọ́dọ̀ dé lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí mo tìtorí ẹ̀ ronú jù ni Àlàájà. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé Mùsùlùmí kórìíra ajá, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò rí bẹ́ẹ̀. Hadíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà lẹ́nu Ànábì, wà tó ní bí ajá bá ti ẹnu bọ abọ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, kí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, òmíì sì wà tó ní ẹni tó bá ń sin ajá tí kì í ṣe ti ọdẹ, ti oko tàbí ti ẹran ọ̀sìn, láda ẹ̀ á máa dín kù lójoojúmọ́. Síbẹ̀ hadíìsì náà ló sọ ti ẹni tó fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ lómi tí Ọlọ́run sì foríjì í, ajá sì wà nínú Súrà Kahf nínú Kùránì pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó sùn sínú ihò àpáta. Mọ́síhàbù Màlíkì, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà túmọ̀ òfin Ìsìláàmù, tó jẹ́ òun ló gbilẹ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ò tiẹ̀ ka ara ajá sí ẹ̀gbin. Àmọ́ ẹ má lọ fìyẹn bá Àlàájà jiyàn o, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa kọ́ wọn lẹ́sìn wọn! Ohun tí wọ́n nílò ò ju pé kí ajá má dé ìdí búútà àti ẹní tí wọ́n fi ń kírun. Èmi ra búútà tuntun fún wọn, mo sì bá wọn kan ìṣó sára ògiri kí wọ́n máa gbé e kọ́ sókè, láti ọjọ́ yẹn ọ̀rọ̀ tán.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ gbogbo ìyẹn, ẹ gba lándílọ́ọ̀dù lọ kẹ́ ẹ tó gba ibi ajá lọ. Ẹ ka ìwé àdéhùn yín dáadáa, àwọn kan ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ẹran ọ̀sìn, tó bá wà níbẹ̀ ẹ má fi ojú fò ó. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lọ kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó bá yẹ, ẹ ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ mú ajá wálé, mo ní kí n kọ́kọ́ fi tó yín létí." Ẹ má kọ ọ́ sórí WhatsApp ilé o. Mo mọ ẹnì kan tó kọ ọ́ síbẹ̀, ẹnì kan fèsì pé "kò burú," ẹnì kan fi àwòrán ẹ̀rín sí i, ó rò pé wọ́n ti gbà, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìpàdé ilé dé. Àgbàlagbà tẹ́ ẹ bá wá bá lẹ́nu ọ̀nà, kò ní lè sọ pé òun ò mọ̀ sí i.

Irú ajá wo lẹ máa mú? Ẹkùkẹ ni o, tàbí bíńgò, bẹ́ ẹ bá ṣe ń pè é lágbègbè yín. Mo mọ̀ pé ojú ń wọ Rottweiler, Boerboel, àwọn onírun jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ tí wọ́n ń pè ní Caucasian tó jẹ́ pé ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ti wá tẹ́ ẹ sì fẹ́ fi oòrùn oṣù kẹta pa. Ajá òyìnbó nínú ilé alájọgbé, ọ̀rọ̀ owó ló máa dá sílẹ̀. Tí àwọn èèyàn bá ti rí ajá tó ń jẹ oúnjẹ inú àpò tí ọmọ tiwọn sì ń mu gààrí, kò séèyàn tó máa fẹ́ gbọ́ pé oúnjẹ ajá lásán ni, wọ́n á ní ẹ̀ ń fi ṣe fáàrí ni. Ẹkùkẹ ń jẹ ẹ̀bà, ó ń jẹ orí ẹja, ara ẹ̀ gba oòrùn, olè ò ní wá jí i tà. Kódà fún un, ẹ má máa fún un lẹ́ran lójúde, ẹ jẹ́ kó jẹun lẹ́yìnkùlé, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún eegun adìẹ tí wọ́n ti sè, ó máa ń fọ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó, ó lè há a lọ́fun.

Orúkọ wá ńkọ́? Ibí yìí ni mo ti jìn sí kòtò. Láyé àtijọ́ àwọn baba wa máa ń fi ajá pòwe, ẹni tí aládùúgbò bá ń bínú sí á sọ ajá ẹ̀ ní Tanímọ̀la tàbí Ohuntéèyànṣe, kó máa ráyè sọ tọkàn ẹ̀ lójú gbogbo ayé láìsí ẹni tó máa bi í pé ta lò ń bá wí. Èmi àti Ìyá Ṣẹ̀gún ń bá ara wa fa ọ̀rọ̀ owó mítà nígbà yẹn, ni mo bá sọ ajá mi ní Máṣèkà. Mo búra fún gbogbo ayé pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Irọ́ ni. Àràárọ̀ ni mò ń dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn pariwo "Máṣèkà, wá jẹun!" oṣù kan ò pé tí wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ lándílọ́ọ̀dù, wọ́n ní kí n yí orúkọ ajá padà tàbí kí n kó lọ. Mo yí i sí Bọ́bì, ajá ò dáhùn, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pè é bí ẹni ń pe ajá ẹlòmíì. Kò sì tíì burú tó tẹni tí wọ́n mú ní Sáńgò Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lóṣù kẹjọ ọdún 2016, tó kọ Buhari sára ajá ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé Buhari ni ààrẹ, bàbá aládùúgbò ẹ̀ kan náà sì ń jẹ́ Buhari. Ó ní torí òun fẹ́ràn ààrẹ ni, wọ́n ṣáà gbé e dé kóòtù pé ohun tó ṣe lè dá ìjà sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní Jáàkì. Ẹ sọ ọ́ ní Táígà. Kò sẹ́ni tí Táígà ń bú.

Wàyí o, abẹ́rẹ́. Ẹ má fi èyí ṣeré rárá. Dìgbòlugi ń pa bíi 59,000 èèyàn lọ́dún kan láyé gẹ́gẹ́ bí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣe ṣírò ẹ̀, Éṣíà àti Áfíríkà lèyí tó pọ̀ jù wà, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá sì kó o, bíi 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Ọmọdé tí ò tíì pé 15 wà lára àwọn tó máa ń há sí jù. Tí àmì àìsàn yẹn bá ti jáde lára èèyàn, kò sí oògùn mọ́, ikú ló kù, àmọ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gún kí àmì tó jáde lè gba ẹ̀mí là. Kí ọmọ ajá gba tiẹ̀ tó bá ti tó oṣù mẹ́ta, kó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Fásitì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹran, FUNAAB, fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, náà ní. Tẹ́ ẹ bá dé, wọ́n á fún yín ní káàdì, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀ kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yín níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí ṣe nígbà tí mo lẹ tèmi, àmọ́ lọ́jọ́ tí ajá mi bu ọmọ Bàbá Ayọ̀ jẹ lẹ́sẹ̀, káàdì yẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n fi àdá pa á.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ajá bu èèyàn jẹ, ẹ má jókòó máa jiyàn pé ọmọ ló kọ́kọ́ sọ̀kò. Omi àti ọṣẹ, ìṣẹ́jú 15 gbáko ni kẹ́ ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ bu epo pupa sí i, wọ́n á ní kẹ́ ẹ jó irun ajá kẹ́ ẹ fi bo ojú ẹ̀, ẹ má dá wọn lóhùn. Ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ ọsibítù, kì í ṣe ọ̀la, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ajá lẹ máa sanwó, ẹ sì máa báa lọ títí abẹ́rẹ́ á fi pé torí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa ajá ọ̀hún, ẹ so ó mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ máa wò ó fọ́jọ́ mẹ́wàá, tára ẹ̀ bá ṣì le pọ́nkán lẹ́yìn ìyẹn, a jẹ́ pé kò sí dìgbòlugi lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ tó bunijẹ. Tí wọ́n bá ti pa á tí wọ́n sì jù ú nù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ìgbẹ́ ẹ̀: kílẹ̀ tó mọ́ kẹ́ ẹ ti kó o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, náílọ́ọ̀nù ló máa ń fi lọ́wọ́ tẹ̀ lé ajá ẹ̀ kiri títì, orúkọ ẹ̀ wà nínú ṣíìpù kékeré tí wọ́n fi sábẹ́ awọ ajá ọ̀hún, òfin ni níbẹ̀ láti oṣù kẹrin 2016. Bàbá tó wà ní yàrá iwájú gbọ́ ọ, wọ́n ní ta wá ni ọ̀gá nínú àwọn méjèèjì?

Ariwo òru náà wà níbẹ̀. Gbígbó ò burú tó bẹ́ẹ̀, inú wọn tiẹ̀ máa ń dùn pé ajá ń lé olè, híhu ni wọ́n ò fẹ́, torí wọ́n gbà pé ajá tó bá ń hu lóru ti rí òkú tàbí ànjọ̀nú, tí ara ẹnì kan ò bá wá yá nínú ilé, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa wò. Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lóun nìkan látàárọ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Ẹ tú u sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ bá a rìn jìnnà, kó rẹ̀ ẹ́. Tó bá ṣì hu, ẹ yọjú síta kí wọ́n rí yín tẹ́ ẹ ń pa á lẹ́nu mọ́, ó ní bó ṣe máa ń tù wọ́n lára.

Tẹ́ ẹ bá máa kó lọ, ẹ má fi ajá sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa sọ pé "á rí nǹkan jẹ." Báyẹn ni ọ̀pọ̀ ajá ìgboro ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ẹni tó máa gbà á, kẹ́ ẹ kó káàdì àti okùn ẹ̀ fún un. Nígbà tí mo ń di ẹrù tèmi, ibi tuntun tí mò ń lọ ò gba ajá, mo ti bi gbogbo ọ̀rẹ́ mi, kò sẹ́ni tó gbà. Ìyá Ṣẹ̀gún ló dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ní ṣé mo rò pé àwọn ò mọ̀ ni, pé ta ló ń fún un lẹ́bà lọ́sàn-án nígbà tí mo bá lọ síbi iṣẹ́? Ọ̀dọ̀ wọn ló wà títí dòní. Mo lọ kí wọn lóṣù tó kọjá, wọ́n ò pè é ní Bọ́bì, wọ́n ò sì pè é ní Máṣèkà. "Ìwọ yìí" ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dáhùn.