Owó omi tó ṣàdédé lọ sókè àti garawa àtúnlò tí wọn kò gbé: Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé owó omi wa lóṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti oṣù tó kọjá. A kò gba àlejò, a kò sì bomi rin ọgbà. Ṣé ìjọba ìlú ti fi kún owó omi ni?

Ìdáhùn: Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì, iye omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ fi iye owó sílẹ̀ ná. Bí iye omi kò bá yí padà tí owó sì lọ sókè, a jẹ́ pé wọ́n fi kún un lóòótọ́. Bí omi fúnra rẹ̀ bá ti pọ̀ sí i, ẹ ka mítà yín, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ojú rẹ̀ wé èyí tó wà nínú ìwé. Nígbà tí ẹni tó ń ka mítà kò bá rọ́nà dé ìdí rẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń fojú bu iye omi. Bí ìfojúbù oṣù mélòó kan bá kéré jù, gbogbo ìyókù rẹ̀ yóò já lé oṣù tí wọ́n bá ka mítà gan-an.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìpele ìpele ni wọ́n ń ṣírò owó omi: bí ẹ bá ti kọjá ìwọ̀n kan, omi tó bá tẹ̀lé e yóò wọ́n ju ti ìṣáájú lọ, nítorí náà àlékún omi díẹ̀ lè bí àlékún owó ńlá. Bákan náà, wọn kì í sábà wọn omi ìdọ̀tí tó ń jáde nínú ilé; omi tó wọlé ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀. Omi tó bá jò dànù lè tipa bẹ́ẹ̀ gba owó lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá omi ń jò, nígbà tí n kò rí ibi kankan tó tutù?

Ìdáhùn: Ẹ ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ pa, ẹ kọ nọ́ńbà mítà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì lo omi fún wákàtí méjì. Lójú ọ̀pọ̀ mítà, ohun pupa kékeré kan wà tó máa ń yí bí omi tín-ín-rín bá ń kọjá. Bí ó bá ń yí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lo omi, omi ń jò níbì kan. Ẹ wá ti ẹ̀rọ tó ń mú omi wọ inú ilé. Bí mítà bá dúró, inú ilé ni ẹ ti máa wá a. Bí kò bá dúró, páìpù abẹ́ ilẹ̀ tó so mítà mọ́ ilé ló lu.

Ní tèmi, táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, nítorí rọ́bà tó dé ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń gbó láìpariwo. Ẹ da aró díẹ̀ sínú táńkì náà, kí ẹ má sì fi omi ṣàn án fún bí ìdajì wákàtí. Bí omi inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ bá yí àwọ̀ padà, ẹ ti mú olè náà, ó sì lè ti máa jí ọgọ́rọ̀ọ̀rún lítà lóòjọ́. Ẹnu ẹ̀rọ tó ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan pàápàá lè da nǹkan bí lítà 11,000 nù lọ́dún. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tọ́jú rìsíìtì, nítorí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ omi ló máa ń dín owó irú oṣù bẹ́ẹ̀ kù fún ẹni tó bá fi ẹ̀rí hàn.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí owó àtúnlò fi wà nínú ìwé owó omi, nígbà tí n kì í gbé garawa síta?

Ìdáhùn: Ọkọ̀ tó ń kó ìgò, ike àti páálí lọ fún àtúnlò ni owó náà wà fún, yóò sì gba àdúgbò yín kọjá, ẹ gbé garawa síta tàbí ẹ kò gbé e. Ìwé owó omi sì ti ń dé gbogbo ilé tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ owó náà sínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n fi garawa wa sílẹ̀, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ọn pé ohun tí kò yẹ wà nínú rẹ̀. Ike nìkan ni a kó sí i, tí a dì sínú ọ̀rá.

Ìdáhùn: Ọ̀rá yẹn gan-an ni ẹ̀sùn yín. Bí ó bá dé inú ẹ̀rọ tó ń ṣa nǹkan sọ́tọ̀, ṣe ló máa ń wé mọ́ irin tó ń yí, títí wọn yóò fi dá ẹ̀rọ dúró tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Bátìrì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ti lítíọ́mù, irú èyí tó wà nínú fóònù, lè gbiná bí ọkọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ fọ́. Nọ́ńbà tó wà nínú àmì onígun mẹ́ta ìdí ike kò sì túmọ̀ sí pé ìlú yín ń gbà á. Irú ike tó jẹ́ nìkan ló ń sọ. Láti ọdún 2018, tí orílẹ̀-èdè Ṣáínà ti kọ̀ láti máa gba ọ̀pọ̀ ike àti bébà àlòkù ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀pọ̀ ìlú kò rí ẹni ra ẹrù tó dọ̀tí mọ́, wọ́n sì ti mú òfin le. Ẹ tú ike náà kúrò nínú ọ̀rá, ẹ kó o sínú garawa lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rí i pé ìdérí rẹ̀ pàdé.

Ìbéèrè: Bí owó omi ṣe wọ́n yìí, ṣé kì í ṣe òfò ni kí n máa fọ ìgò tí mo fẹ́ jù sí àtúnlò?

Ìdáhùn: Òfò ni, bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́ títí yóò fi dán. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí ó ṣófo, kí ó má sì dọ̀tí mọ́ páálí. Omi tí ẹ ti fi fọ abọ́ tán ti tó: ẹ bu díẹ̀ sí i, ẹ mì í, ẹ dà á nù.